Àga Inú Yìnyín

Obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì méyọ̀ ka lẹ́tà náà tán, ó yí i padà láti wò ó bóyá ìyókù wà lẹ́yìn, ó sì nà án padà sí Ràhámọ̀tù.

“Lẹ́tà yìí dára,” ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò kánjú. “Ó pẹ́ tí mo ti rí ìkọ̀wé tó mọ́ tó báyìí. Ṣùgbọ́n méyọ̀ kò lè ṣe ohun tí o wí yìí.”

Ràhámọ̀tù kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Òpó irin kan ṣoṣo ló wá tọrọ, irú èyí tí wọ́n máa ń kan pátákó mọ́ lórí pé kí ẹnikẹ́ni má gbé mọ́tò síbẹ̀ àfi ẹni tí kò lè rìn dáadáa. Kò tọrọ ilé, kò sì tọrọ iṣẹ́.

“Méyọ̀ Chicago fúnra rẹ̀?” ó béèrè. “Òpó kan?”

“Òpó kan. Òfin ni wọ́n fi ń ri òpó yẹn mọ́lẹ̀, káńsù ló sì ń ṣòfin. Àjà kejì ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Àjà karùn-ún lo wà yìí.”

Barbara ni orúkọ tó wà lára káàdì tí obìnrin náà fi kọ́ àyà. Ràhámọ̀tù fa ìwé pélébé kan yọ nínú báàgì, ó fa ìlà sí àárín ojú ewé, ó kọ “Méyọ̀” sí apá kan, ó kọ “Káńsù” sí apá kejì. Ọdún méje ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìmọ̀ ìjọba ní Ìwó, kó tó wá bá ọkọ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Àìmọye ìgbà ló ti kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé apá kan ń ṣòfin, apá kejì ń mú un ṣẹ. Àwọn sójà gbàjọba nígbà tí ọdún 1983 ń parí lọ, síbẹ̀ ó ń kọ ọ́, àwọn ọmọ sì ń dà á kọ, nígbà tí òun àtàwọn mọ̀ dájú pé ọwọ́ ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ohun tó jẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ méyọ̀ lọ tààrà nìyẹn. Ọ̀dọ̀ olórí ìlú ló mọ̀ pé ènìyàn ń lọ bó bá ń wá nǹkan nílùú.

“Àwọn mélòó ló wà ní káńsù?” ó béèrè.

“Àádọ́ta. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kò fẹ́ràn méyọ̀, mọ́kànlélógún ń ṣe tirẹ̀. Bí méyọ̀ bá gbé nǹkan wá, àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n á ní rárá. Bí àwọn náà bá gbé tiwọn wá, méyọ̀ á kọ̀, kò ní fọwọ́ sí i. Kí wọ́n tó lè fi ìbò borí kíkọ̀ rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, wọn ò sì pé bẹ́ẹ̀.”

Ràhámọ̀tù ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. “Nígbà náà, ta ló ń darí ìlú?”

Barbara rẹ́rìn-ín. “Bí o bá ti mọ̀ ọ́n, jọ̀ọ́ padà wá sọ fún wa.”

Ó wá béèrè àdírẹ́sì rẹ̀, ó sì fi ìka tọ ìwé kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Kánsílọ̀ àdúgbò Ràhámọ̀tù, ẹni tí àwọn ara ibẹ̀ ń pè ní alderman, wà lára àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Òun nìkan ló lè gbé ọ̀rọ̀ òpó náà wọ káńsù. Bí kò bá gbé e wọlé, kò sí ẹlòmíràn nínú àádọ́ta yẹn tí yóò bá a gbé e, nítorí wọn kì í dá sí àdúgbò ara wọn.

“Ṣé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀?” Ràhámọ̀tù béèrè.

“Rárá o,” ni Barbara wí. “Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

Ràhámọ̀tù kò mọ abẹ́ èwo nínú méjèèjì ni kí òun kọ ìyẹn sí. Ó kọ ọ́ sórí ìlà tó wà láàárín.

*

Mùsílíù ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé nígbà tó wọlé, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà gbọọrọ níwájú rẹ̀ lórí àpótí. Àga irin kan ló máa ń jókòó lé, àga ilé ìdáná tí Ràhámọ̀tù rí lójú títì ní oṣù kejìlá, tó fọ̀, tó sì fi àjákù ànkárá aláwọ̀ ewé rán ìjókòó tuntun fún. Òun nìkan ni àga tó ga tó nínú ilé tí Mùsílíù fi lè dìde láìjẹ́ pé ẹnìkan gbé e.

Takisí ni Mùsílíù ń wà. Ní oṣù kọkànlá, mọ́tò kan tí kò dúró níbi iná pupa kọlù ú, ó sì fọ́ eegun orúnkún rẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ọsibítù. Ní báyìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni kó máa lọ sí ibi tí wọn yóò ti máa tẹ orúnkún náà kó lè padà máa ká. Dókítà ti la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún wọn: bí orúnkún náà kò bá ká kí òtútù tó lọ, bó ṣe wà yẹn ni yóò gan sí títí ayé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Mùsílíù ti pa ọjọ́ rẹ̀ jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò síbi tí Ràhámọ̀tù lè gbé mọ́tò sí tó sún mọ́ ilé, yìnyín sì ti dì sójú ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n gbìyànjú àtirìn láti òpópónà kejì, Mùsílíù ṣubú, ó sì jókòó sílẹ̀ nínú yìnyín, ó ń sunkún. Ràhámọ̀tù kò tíì rí ẹkún rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ.

“Ṣé o sọ fún wọn pé èmi ni mo fi taxi mi gbé àwọn voter lọ́jọ́ election?” ni ohun tó kọ́kọ́ bi í. Kò lè dìbò nígbà náà, nítorí kò tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àtàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi ń kó àwọn arúgbó lọ dìbò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán méyọ̀ ṣì wà lára fèrèsé wọn, oòrùn ti ń pa á láwọ̀ dà.

“Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, Bàbá Adéòkè,” ó dáhùn; orúkọ ọmọ wọn tó wà ní Ìwó ló fi ń pè é. “Wọ́n ní méyọ̀ ò ní power yẹn.”

“Kò ní power kẹ̀? Whole mayor?”

“Àjà karùn-ún ló wà. Àjà kejì ni òpó wa wà.”

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, iye mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti mọ́kànlélógún, àti ọ̀rọ̀ kánsílọ̀. Ara rẹ̀ ti yá gágá bó ṣe ń sọ ọ́. Mùsílíù wò ó.

“Tíṣà, o kàn ń gbádùn ara ẹ ni. Ẹsẹ̀ mi là ń sọ.”

“Ẹsẹ̀ yín náà ni mo ń sọ. Tí n ò bá mọ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání, ilẹ̀kùn wo ni mo fẹ́ máa kàn?”

*

Ilé ìtajà àtijọ́ kan ni kánsílọ̀ fi ṣe ọ́fíìsì. Ọkùnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀, Gabriel, kò wo lẹ́tà náà rárá. Ó béèrè orúkọ òpópónà, ó sì béèrè ta ni precinct captain wọn.

Ràhámọ̀tù kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gabriel ṣàlàyé fún un pé láàárín òpópónà mélòó kan, ẹnì kan wà tó ń bá kánsílọ̀ kó ìbò jọ láti ojúlé dé ojúlé, òun ló mọ ta ló kú, ta ló kó wá, ta ló bímọ. Bí ẹni náà kò bá fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè, kánsílọ̀ kì í kà á.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní òpópónà yẹn, Shirley ni,” ni Gabriel wí. “Ilé kẹta sí tiyín. Bó bá fọwọ́ sí i lónìí, á wọlé ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Èyí tún ya Ràhámọ̀tù lẹ́nu. Ó ti gun àjà karùn-ún, ó ti gbọ́ nípa àjà kejì, àṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbé ní ilé kẹta. Ó ti máa ń rí Shirley. Obìnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, yóò ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó sì máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn ò tíì kọjá ẹ káàárọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ràhámọ̀tù kàn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí Shirley ṣí i, Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe fún àgbà.

“Dìde kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ mi,” ni Shirley wí. “Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ? Wọlé.”

Ó fún un ní kọfí. Ó fetí sílẹ̀ sí ọ̀rọ̀ orúnkún Mùsílíù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń mirí, ó ń káàánú. Lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí òpó náà wà gan-an.

“Iwájú ilé wa, mà. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì gbàgbé garawa méjì àti pákó kan sí.”

Shirley gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. “Kò sí òṣìṣẹ́ tó gbàgbé nǹkan kan. Garawa mi ni. Ibi tí mò ń gbé mọ́tò mi sí nìyẹn.”

“Mọ́tò yín, mà?” ni Ràhámọ̀tù béèrè.

“Ẹ̀rọ omi àwọn panápaná wà níwájú ilé tèmi, mi ò lè gbé mọ́tò síbẹ̀,” ni Shirley ń bá a lọ. “Tí yìnyín bá bọ́, ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì kó o kúrò, òun ló ni ibẹ̀ títí yóò fi yọ́. Bó bá ń jáde, á gbé àga síbẹ̀. Àga tàbí ohunkóhun. Gbogbo Chicago ló mọ̀. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń kó yìnyín ibẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan mi rí. Àfi oṣù kejìlá tó kọjá yìí, tí olè kan gbé àga ìyá mi lọ. Àga irin, ìjókòó pupa. Inú ilé ìdáná ìyá mi ló ti wá. Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó lè gbé àga àgbàlagbà lójú yìnyín.”

Ràhámọ̀tù rántí àga tí Mùsílíù ń jókòó lé nílé. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ máa lọ.

“Fi ìwé yẹn sílẹ̀,” ni Shirley wí nígbà tó ń sìn ín jáde. “Màá rò ó. Màá wá wo ọkọ ẹ lọ́la.”

*

“Alley!” ni Mùsílíù wí nígbà tó gbọ́ ẹni tó ni àga náà. “Mo rò pé inú alley lẹ́yìnkùlé lo ti rí i!”

“Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi pé àwọn òyìnbó máa ń ju àga tó dáa síta. Ẹ ò sọ apá ibi tí wọ́n ń jù ú sí.”

“Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń ju nǹkan sí, Ràhámọ̀. Ta ló máa wá jù ú sí àárín ibi tí wọ́n ti kó snow? Ṣé o ò rí i pé wọ́n tò ó síbẹ̀ dáadáa ni?”

Òótọ́ ni pé ó rí i nígbà náà. Ó rántí pé òun tilẹ̀ yin ẹni tó jù ú nù, pé ó gbé e nàró kó má bàa dọ̀tí. Ọsibítù ni Mùsílíù wà lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un. Ìtìjú mú un débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mùsílíù kọ́kọ́ dábàá pé kí wọ́n gbé àga náà pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Shirley yóò wá, yóò rí ẹsẹ̀, yóò fọwọ́ síwèé, yóò lọ. Nígbà tí òpó bá ti dúró tán, wọ́n lè wá ọ̀nà dá a padà, kí wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù. Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí. Ràhámọ̀tù rò ó títí omi tó gbé kaná fi hó.

“À ń tọrọ ibi ìgbémọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀,” ó wí níkẹyìn. “Ibi tó ti ń kó yìnyín láti ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. A sì fẹ́ jókòó lé àga ìyá rẹ̀ tọrọ rẹ̀.”

“Kí ló wá dé? Tó bá bínú ńkọ́? Ẹsẹ̀ mi ló ń lọ yẹn o.”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀, o sì fẹ́ gbé e lọ?”

“Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá Adéòkè. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ nínú ilé yìí.”

 Mùsílíù mú ọ̀pá méjèèjì tó fi ń rìn, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì sún kúrò lórí àga.

*

Shirley ń wo àga náà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ ànkárá náà.

“Ibo lo ti rí i?”

“Èmi ni mo gbé e, mà. Mo rò pé wọ́n jù ú nù ni. Mi ò tíì rí yìnyín rí láyé mi kó tó di ọdún yìí. Ìjókòó rẹ̀ ti ya, mo sì rán òmíràn. Ọkọ mi ló ń jókòó lé e.” Ó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ gan-an lọ́tẹ̀ yìí, lórí àtẹ̀gùn olómi dídì. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Ó nàró nínú yìnyín, láàárín ibi tí mo fi wákàtí méjì kó, o rò pé mo jù ú nù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Shirley la ẹnu. Ràhámọ̀tù rò pé igbe ló máa ké, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó pọ̀ débi pé ó ní láti jókòó, orí àga náà ló sì jókòó lé, níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú aṣọ ilé lọ́rùn.

“Mo ti fẹ̀sùn kan gbogbo òpópónà yìí,” ó wí nígbà tó ráyè mí. “Mi ò kí ọkùnrin tó ń gbé òdìkejì yẹn láti Kérésìmesì.”

Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ojú rẹ̀ yí padà sí ti ẹni tó ń ṣírò. Ó ní kí Ràhámọ̀tù dìde. Ràhámọ̀tù wá rántí ohun mìíràn tó ń dà á láàmú, ó sì sọ ọ́: bí àwòrán méyọ̀ tó wà ní fèrèsé wọn bá máa bí kánsílọ̀ nínú, òun lè bẹ ọkọ òun kó yọ ọ́.

“Fi í síbẹ̀,” ni Shirley wí. “Kánsílọ̀ lójú. Tó bá rí ilé ènìyàn dúdú tí kò sí àwòrán yẹn níbẹ̀, á mọ̀ pé ẹnìkan kọ́ wọn.”

“Ẹ̀yin náà, mà? Ta lẹ dìbò fún?”

Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Shirley wò ó pẹ́.

“Kánsílọ̀ ló wá iṣẹ́ fún mi,” ó dáhùn. “Ìbò òpópónà yìí, mo kó o jọ fún ẹni tó ní kí n kó o fún. Tèmi, nígbà tí mo ti wọ inú yàrá ìdìbò tí mo fa aṣọ ìkélé, ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlọ́run nìyẹn.” Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀. “Mi ò ṣèlérí kankan fún ẹ. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mò ń jáde nílé. Mo nílò ibi tí mò ń gbé mọ́tò mi sí.”

Ó ti ilẹ̀kùn. Kò wá wo ẹsẹ̀ Mùsílíù lọ́jọ́ yẹn, kò sì wá lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ Ẹtì dé, wọ́n tún pa ọjọ́ kan jẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, wọ́n tún pa á jẹ. Lẹ́tà dé láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ orúnkún rẹ̀: bí Ọ̀gbẹ́ni Mùsílíù kò bá wá ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún aláìsàn mìíràn.

*

Ní ọjọ́rú, Ràhámọ̀tù gba àyè níbi iṣẹ́, ní ilé ìdáná ilé àwọn arúgbó, ó sì lọ jókòó sáàárín àwọn òǹwòran ní àjà kejì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí òpó ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ohun tó fi ọdún méje kọ sára bọ́ọ̀dù.

Ariwo ló bá níbẹ̀. Odidi wákàtí méjì ni wọ́n fi jà lórí ẹni tí yóò ṣe alága ìgbìmọ̀ kan. Ẹnìkan dìde, àwọn mẹ́wàá sọ pé kó jókòó. Wọ́n pe orúkọ, wọ́n dìbò, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sí mọ́kànlélógún. Wọ́n tún pe orúkọ lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sí mọ́kànlélógún. Ràhámọ̀tù kò rí ojú méyọ̀ dáadáa, àwọn tó nàró tí wọ́n ń pariwo ti dí i mọ́ ọn. Ọkùnrin tó jókòó tì í ń jẹ ẹ̀pà bí ẹni tó wá wo bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé mú ìwé gígùn kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan láìgbé ojú sókè. Pátákó ilé ìtajà tó yọ sójú ọ̀nà. Ìbòrí ṣọ́ọ̀bù kan. Ibi tí ilé ìjọsìn kan fẹ́ gbé àga sí lójú títì lọ́jọ́ ọdún wọn. Kò sẹ́ni tó jà, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń gbọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bú ara wọn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ọ̀kan ń tan iná sí sìgá ẹnì kejì rẹ̀. Akọ̀wé bọ́ sórí àwọn òpó. Ràhámọ̀tù di ọwọ́ méjèèjì mú. Ó gbọ́ orúkọ òpópónà wọn. Ó gbọ́ nọ́ńbà ilé wọn.

Kò mọ ìgbà tó dìde. “Ilé mi nìyẹn,” ó sọ fún ọkùnrin ẹlẹ́pà, lédè Yorùbá. Ọkùnrin náà fún un ní ẹ̀pà.

Shirley ti fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tún tì í, ó rò pé òun kò ní mọ bí òun yóò ṣe dúpẹ́. Ó gun àjà karùn-ún lọ láti sọ fún Barbara.

“Ó ti wọlé!”

“Ó ti wọlé, àbí ó ti yege?” ni Barbara béèrè. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó rọra ṣàlàyé. Ohun tí wọ́n kà lónìí, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ló ń lọ. Ìgbìmọ̀ yóò dá a padà, káńsù yóò wá dìbò. Lẹ́yìn náà ni yóò wá di ti méyọ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ méyọ̀ ló máa ń ri òpó mọ́lẹ̀, wọn kì í sì gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tó bá ṣì dì. “Oṣù kẹrin,” ni Barbara wí. “Bí orí bá bá ẹ ṣe é.”

Ràhámọ̀tù wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ìwé rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kò ṣí i. Gbogbo ènìyàn ló ti ṣe ohun tó kàn án, Shirley, kánsílọ̀, akọ̀wé. Gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ti yẹ kó lọ, ọjọ́ Ẹtì sì ni ọ̀túnla.

Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ìkòríta, ó yà sí òpópónà wọn. Garawa méjì àti pákó ti kúrò níwájú ilé wọn. Ẹnìkan ti kó yìnyín ibẹ̀ títí ó fi kan ọ̀dà, ó fẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì gé ọ̀nà tóóró láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wọn. Àga irin náà wà láàárín ibẹ̀ pẹ̀lú ìjókòó ànkárá aláwọ̀ ewé rẹ̀. Mọ́tò Shirley kò sí níbì kankan tójú lè rí.

Ó sáré lọ kàn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Shirley kò jẹ́ kó kúnlẹ̀.

“Ẹ ti gbọ́ pé ó di oṣù kẹrin?” ni Ràhámọ̀tù béèrè.

“Ọdún mélòó lo rò pé mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí? Mo mọ̀ kí n tó fọwọ́ sí i.”

“Ibo lẹ wá ń gbé mọ́tò yín sí?”

“Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òpópónà mẹ́rin ni.” Ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. “Méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́.”

*

Ní ọjọ́ Ẹtì, Mùsílíù sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn márààrún, ó rìn ní ọ̀nà tí Shirley gé, ó sì wọ mọ́tò. Bí wọ́n ti ń lọ, Ràhámọ̀tù gbé àga náà padà sí àyè rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń tẹ orúnkún ọkọ rẹ̀, ẹ̀rù pé wọn yóò padà bá mọ́tò ẹlòmíràn níbẹ̀. Òpó kò sí, pátákó kò sí, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára àga náà.

Nígbà tí wọ́n padà dé, mọ́tò dúdú ńlá kan dúró sáàárín títì, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Àwọn mọ́tò mẹ́ta ti tò sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń fọn fèrè. Ọkùnrin òyìnbó kan tó wọ kóòtù gígùn nàró nínú yìnyín pẹ̀lú Gabriel, Shirley sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kánsílọ̀ ni. Ó wá fojú ara rẹ̀ wo ibi tí wọn yóò ri òpó mọ́.

Àyè tó fẹ̀ tó mọ́tò rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ gbalasa, kò sí ohun tó dí i àfi àga kan.

“Ó ní kí n gbé e kúrò kóun lè wọlé fún ìṣẹ́jú márùn-ún,” ni Shirley sọ fún Ràhámọ̀tù láìrẹ ohùn sílẹ̀. “Mo ní kò ṣeé ṣe.”

Kánsílọ̀ kò bínú. “Mi ò fọwọ́ kàn án,” ó wí, bí ẹni tó ń wẹ ara rẹ̀ mọ́. “Àdúgbò yìí ni wọ́n bí mi sí.”

Ràhámọ̀tù sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àga náà, ó sì wa mọ́tò wọn sínú àyè náà níṣojú gbogbo wọn. Mùsílíù jáde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ó ń rìn títí ó fi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni. Ràhámọ̀tù ń kà á nínú ara rẹ̀. Àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn dákẹ́ fèrè. Kánsílọ̀ wo ẹsẹ̀ náà, ó wo àwòrán méyọ̀ lójú fèrèsé, ó wo Shirley, ẹni tó tẹjú mọ́ ojú ọ̀run. Ó sọ nǹkan fún Gabriel, Gabriel kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n sì lọ.

“Ó ká díẹ̀ lónìí,” ni Mùsílíù sọ fún Shirley lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó di irin àtẹ̀gùn mú. “Small. Ṣùgbọ́n ó ká.” Omi ti lé sójú rẹ̀. Shirley gbá a lápá rọra, ó ní kó wọlé kí òtútù má pa á, ó sì yí padà láti máa lọ.

“Mà,” ni Ràhámọ̀tù ké sí i, àga náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Àga yín.”

“Mú un lọ́wọ́ títí di oṣù kẹrin.”

Ràhámọ̀tù gbé àga náà gun àtẹ̀gùn tẹ̀lé ọkọ rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó gbé e kalẹ̀ níbẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí títì kí gbogbo òpópónà tí Shirley ti fẹ̀sùn kàn lè máa rí i, ó sì fọwọ́ gbọn yìnyín kúrò lára ànkárá rẹ̀. Kò gbé e wọlé.